Ìka Tó Ṣẹ̀ Ni Ọba Ń Gé

"Ìbọn ló gbé. Ẹ jẹ́ kó ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀ jàre." Gbólóhùn yìí la máa ń rí lábẹ́ gbogbo ìròyìn tó bá ti ní ìbọn àti ilé ẹjọ́ nínú, ì báà jẹ́ Èkó ló ti ṣẹlẹ̀, ì báà jẹ́ Houston. Àwọn ọ̀dọ́ bíi tiwa ló máa ń kọ ọ́, wọ́n á tún fi ẹ̀rín sí i. A ò wá sọ pé ìbọn ò burú o. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìró ìbọn ládùúgbò rẹ̀ lóru rí kò nílò àlàyé kankan. Ọ̀rọ̀ kékeré kan nínú gbólóhùn yẹn la fẹ́ bá yín jà lé lórí: "rẹ̀." Èwo nínú ẹ̀wọ̀n náà ló jẹ́ tirẹ̀, èwo ni wọ́n fi kún un? Kí ni wọ́n fi ṣírò àfikún náà? Tí ìṣirò ọ̀hún bá wá já sí èké lọ́la, ta ni yóò bá a yọ ọ́ kúrò?

Amẹ́ríkà la máa fi ṣàpẹẹrẹ, torí pé àwọn ló kọ ìṣirò tiwọn sílẹ̀ ní nọ́ńbà, tí gbogbo ayé lè kà á. Ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa ń gbé.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ William Dale Wooden. Ní 1997, òun àti àwọn mẹ́ta kan fọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan nílùú Dalton, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Irú ilé tí wọ́n pín sí yàrá-yàrá ni, tí oníkálùkù ń háyà láti kó ẹrù sí. Wọ́n ń dá ògiri lu láti yàrá kan bọ́ sí èkejì títí wọ́n fi dé yàrá mẹ́wàá, lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, ó gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́wàá, wọ́n sì dájọ́ fún un.

Ọdún 17 kọjá. Ní 2014, ọlọ́pàá kan tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Tennessee. Ẹlòmíì ló ń wá. Òtútù mú níta, ó ní kí Wooden jẹ́ kí òun dúró sínú ilé. Inú ilé yẹn ló ti rí ìbọn. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn sì sọ pé ẹni tó bá ti jẹ̀bi ọ̀ràn ńlá rí, ìyẹn ọ̀ràn tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè ju ọdún kan lọ, kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn mọ́. Wọn ò ní ó yìnbọn, wọn ò ní ó fi halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ṣáà ní in nílé. Ó jẹ̀bi, a ò sọ pé kò jẹ̀bi.

Ìwé ìlànà ìdájọ́ wọn ní kí adájọ́ wo oṣù 21 sí oṣù 27. Àmọ́ òfin mìíràn wà tí wọ́n ṣe ní 1984, tí wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn náà. Ohun tó sọ ni pé tí ẹni bẹ́ẹ̀ bá ti jẹ̀bi ìwà ipá tàbí òwò oògùn olóró ńlá lẹ́ẹ̀mẹta rí, ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí ọdún 15. Fífọ́lé wà lára ohun tí wọ́n pè ní ìwà ipá. Ni agbẹjọ́rò ìjọba bá ka yàrá mẹ́wàá sí ìgbà mẹ́wàá. Adájọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ì bá jẹ́ nǹkan bí ọdún méjì di oṣù 188, ìyẹn ọdún 15 àti oṣù mẹ́jọ.

Ẹ dákun, ẹ tún un kà. Ilé kan, alẹ́ kan, olè kan náà, àmọ́ wọ́n jókòó wọ́n ń ka ògiri. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kíkọ kóòdù mọ irú bug yìí dáadáa. Lúùpù tó yẹ kó ka àlejò ló ń ka bàtà. Ẹsẹ̀ méjì-méjì ni gbogbo àlejò ní, ìdí nìyẹn tí ìrẹsì fi ṣẹ́kù rẹpẹtẹ.

Wooden pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé ògiri yàtọ̀ sí ògiri. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, lóṣù Kẹta 2022, ni àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fẹnu kò pé ìgbà kan ṣoṣo ni. Adájọ́ Elena Kagan tó kọ ìdájọ́ náà kò dárà kankan. Ó kàn wo bí èèyàn lásán ṣe máa ń sọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá ń ròyìn alẹ́ ọjọ́ yẹn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní sọ pé ìgbà mẹ́wàá ni wọ́n jalè.

Orí ló bá Wooden ṣe é. Ìwọ̀nba ẹjọ́ díẹ̀ ni ilé ẹjọ́ yẹn ń gbà lọ́dọọdún nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí wọ́n ń gbé wá síwájú rẹ̀. Ká ní wọn ò mú tirẹ̀ ńkọ́? Ọdún mẹ́tàlá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ì bá fi jókòó sẹ́wọ̀n nítorí ògiri.

Ìwé ìlànà tí a dárúkọ yẹn, tábìlì ni. Ẹni tó bá kọ kóòdù rí yóò dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ wà: 14 fún ẹni tí kò yẹ kó ní ìbọn, 20 tó bá ti jẹ̀bi ìwà ipá tàbí oògùn lẹ́ẹ̀kan rí, 24 tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Ìbọn tó bá pé mẹ́ta, 2 wọlé. Ìbọn tí wọ́n jí, 2 tún wọlé. Tí wọ́n bá ti fá nọ́ńbà ara rẹ̀ dànù, 4. Tí ìbọn náà bá bá ọ̀ràn ńlá mìíràn rìn, 4 mìíràn. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á fi wo tábìlì, iye oṣù á jáde lódì kejì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò pọn dandan kí ẹni tó ni ìbọn mọ̀ pé wọ́n jí i tàbí pé wọ́n ti fá a. Ohun tí o kò mọ̀ náà ń gun orí ìyà rẹ. Lóòótọ́, láti 2005 adájọ́ lè yà kúrò lórí tábìlì náà tó bá ní ìdí, àmọ́ ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ta ló wá ń pinnu pé àfikún kan tọ́? Kí wọ́n tó lè sọ pé o jẹ̀bi, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ dá júrì lójú débi pé kò sí iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání mọ́. Júrì ni àwọn ará ìlú tí wọ́n ń kó jọ láti wá gbọ́ ẹjọ́. Nígbà tó bá di ti àfikún orí tábìlì, júrì á ti lọ sílé. Adájọ́ nìkan ló kù, ó sì tó kó rò pé ó jọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí ju pé kò rí bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo ẹjọ́ Watts, tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní 1997. Ọlọ́pàá bá kokéènì ní kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná rẹ̀, wọ́n bá ìbọn méjì níbi ìkáṣọsí yàrá rẹ̀. Júrì ní ó jẹ̀bi ti oògùn, àmọ́ kò jẹ̀bi pé ó fi ìbọn ṣe òwò oògùn. Adájọ́ gbọ́ ohun tí júrì sọ, ó sì tún fi ìbọn náà kún ìyà rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní kò sí wàhálà. Ó di ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2024 kí ìwé ìlànà tó sọ fún àwọn adájọ́ pé kí wọ́n má fi ohun tí júrì ìjọba àpapọ̀ ti dá èèyàn láre lé lórí ṣírò mọ́. Ọdún 27 gbáko.

Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Àwọn bàbá wa tó sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ olè o, gígé náà ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ọba tó bá ń gé dé ìgbọ̀nwọ́ torí ìka kan kì í ṣe ìdájọ́ ló ń ṣe mọ́. Ní Utah, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé àwo orin rap jáde, Weldon Angelos, ta igbó fún ẹni tí ọlọ́pàá rán sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà méjì níbẹ̀, wọ́n sì tún bá ìbọn nílé rẹ̀. Kò yìn ín, kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Òfin ìgbà náà ní ẹ̀sùn ìbọn àkọ́kọ́ jẹ́ ọdún 5, ìkọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀lé e jẹ́ ọdún 25, wọn ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ṣe wọ́n pa pọ̀, kódà bó jẹ́ pé inú ìwé ẹ̀sùn kan náà ni gbogbo wọn wà. 5, 25, 25. Ọdún 55. Lọ́jọ́ kan náà ní oṣù Kọkànlá 2004, adájọ́ kan náà, Paul Cassell, rán ẹni tó fi igi lu ìyá arúgbó kan pa lọ sẹ́wọ̀n ọdún 22.

Adájọ́ yẹn fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìdájọ́ rẹ̀ pé ohun tí òfin ní kí òun ṣe kò tọ́, ìkà ni, kò sì bọ́gbọ́n mu. Ó ṣe é náà. Angelos pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n ní ìdájọ́ dúró. Ó di 2016 kó tó jáde, ní 2020 ni ààrẹ sì forí jì í. Lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn, ariwo àwọn èèyàn ló ṣiṣẹ́ fún un, ilẹ̀kùn kòtẹ́milọ́rùn kò ṣí. Ẹni tí kò ní ẹni tí yóò pariwo fún un ńkọ́?

Ilẹ̀kùn yẹn la fẹ́ ká wò dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìbínú wa wà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ ìdájọ́ sílẹ̀, ọjọ́ 14 péré ni ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ní láti sọ pé òun fẹ́ pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn nílé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀. Èyí tó pọ̀ jùlọ nínú wọn kò tilẹ̀ dé iwájú júrì rárá. Ó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó ń gbà pé àwọn jẹ̀bi kí ìyà lè dín kù. Nínú ìwé àdéhùn tí wọ́n ń fọwọ́ sí, ìjọba sábà máa ń fi gbólóhùn kan sí i: mi ò ní pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí iye ọdún tí wọ́n bá fún mi. Wọ́n á wá sọ fún wa pé ṣebí òun ló fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, òun ni. Àmọ́ ìgbà wo ló fọwọ́ sí i? Kí adájọ́ tó ṣírò ni! Ó ń ṣèlérí pé òun ò ní jiyàn nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì dá. A máa ń tẹ "mo gbà" sórí app láìkà á, ìyẹn burú tó, ṣùgbọ́n kò sí app tó lè fi ọdún mẹ́wàá dù ọ́.

(Ẹ̀yin tí ẹ ní èèyàn lọ́hùn-ún, ẹ fi èyí sọ́kàn. Láti 2019, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti sọ pé tí oníbàárà bá ní kí lọ́yà òun pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, lọ́yà gbọ́dọ̀ ṣe é, kódà bó ti fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kí ó sọ ọ́ kíákíá, kí ó sì sọ ọ́ lórí ìwé.)

Ẹni tí ilẹ̀kùn ṣí fún pàápàá, ẹ wo ohun tó ń bá pàdé. Ẹjọ́ Rosales-Mireles kì í ṣe ti ìbọn, ti àtiwọ̀lú padà láìgbàṣẹ ni, àmọ́ tábìlì ọ̀hún náà ni wọ́n lò. Ẹ̀sùn àtijọ́ kan ni wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì. Àṣìṣe ìṣirò lásán ni, kò sẹ́ni tó tètè rí i. Nígbà tó dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, àwọn adájọ́ gbà pé lóòótọ́ ni wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ní àwọn ò ní tún un ṣe, torí kì í ṣe irú àṣìṣe tó ń ba ọkàn èèyàn jẹ́. Ní 2018 ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ yí i padà. Ṣùgbọ́n ẹ ro ọ̀rọ̀ yẹn wò ná. Tí POS bá yọ owó rẹ lẹ́ẹ̀mejì, ṣé o máa gbà kí báńkì sọ fún ọ pé òótọ́ ni, a yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ kò tó ohun tó ń ba ọkàn jẹ́? Ariwo rẹ máa dé oríta. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà nìyẹn o. Oṣù nínú ayé èèyàn kò ní reversal.

Èyí tó wá dùn wá jù ni ti Marcus DeAngelo Jones. Ní 2000, ilé ẹjọ́ kan ní Missouri dá a lẹ́bi pé ó ní ìbọn nígbà tí kò yẹ kó ní in, wọ́n fún un ní oṣù 327, ìyẹn ọdún 27 àti oṣù mẹ́ta. Jones ní òun rò pé wọ́n ti pa àkọsílẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ òun àtijọ́ rẹ́ ni. Nígbà yẹn, àwọn ilé ẹjọ́ ní ohun tó rò kò kàn wọ́n. Ó di 2019, nínú ẹjọ́ Rehaif, kí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ tó sọ pé ó kàn wọ́n o: ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹni náà mọ̀ pé òun wà lára àwọn tí òfin ní kí wọ́n má ní ìbọn. Jones sáré padà sílé ẹjọ́. Wọ́n ní ó ti lo àǹfààní rẹ̀. Lẹ́yìn tí kòtẹ́milọ́rùn bá ti parí, ìwé ẹ̀bẹ̀ kan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí, láàárín ọdún kan, ó sì ti kọ tirẹ̀ tipẹ́, nígbà tí Rehaif kò tíì sí. Kó tó lè kọ èkejì, ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí tuntun tàbí ìlànà tuntun látinú ìwé òfin àgbà. Rehaif kì í ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ó kàn jẹ́ pé wọ́n ti ń ka òfin náà lódì látẹ̀yìnwá ni. Lóṣù Kẹfà 2023, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta ní kó padà sí yàrá rẹ̀.

A ò sọ pé ì bá jàre dandan. Ó ṣeé ṣe kí júrì má gba ohun tó sọ gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sí júrì tí wọ́n bi ní ìbéèrè yẹn rí, òfin sì ti gbà báyìí pé ó yẹ kí wọ́n bi wọ́n.

Ìdáhùn tí wọ́n máa ń fún wa ni pé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ lópin. Ọ̀rọ̀ gidi ni, a ò ní fi ṣeré. Ẹni tí wọ́n ṣe níbi náà fẹ́ sinmi, ẹlẹ́rìí ń kú, ìwé ń sọnù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a ń bèèrè: kì í ṣe kí wọ́n tún pe ẹlẹ́rìí nípa àfikún, ìṣirò ni kí wọ́n tún ṣe. Nídìí iṣẹ́ tiwa, tí a bá rí i pé fọ́múlà kan ti ń yọ owó tí kò yẹ kúrò nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, kò sí ọ̀gá tó lè sọ fún wa pé kí a tún un ṣe fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ nìkan. A máa padà sínú database, a máa wá orúkọ gbogbo ẹni tó kàn, a máa ṣírò tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń sú èèyàn. A ṣì ń ṣe é, torí owó olówó ni.

Ó sì ṣeé ṣe. Ní 2015, nínú ẹjọ́ Johnson, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ pa gbólóhùn kan rẹ́ nínú òfin ọdún 15 yẹn, wọ́n ní kò yé ẹnikẹ́ni, pé kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ ọ̀ràn tó wà nínú rẹ̀. Ní 2016 wọ́n ní kí ó kan àwọn tó ti wà lẹ́wọ̀n náà. Àwọn ilé ẹjọ́ jókòó, wọ́n gbé àwọn ìwé náà yẹ̀ wò, òrùlé ilé ẹjọ́ kò wó. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí: gbólóhùn kan náà wà nínú ìwé ìlànà. Ní 2017 wọ́n sọ fún Beckles, ẹni tí wọ́n ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ tí wọ́n sì fi gbólóhùn yẹn kún ìyà rẹ̀, pé tirẹ̀ dúró, torí ìwé ìlànà kò ju ìmọ̀ràn lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà, nínú fáìlì méjì. Nínú ọ̀kan ó jẹ́ àṣìṣe, nínú èkejì ó jẹ́ ìmọ̀ràn.

Tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìyí, kó bi àwọn òbí rẹ̀ nípa Bar Beach. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni ìjọba ológun ṣe òfin ìdigunjalè ti 1970, wọ́n gbé tribunal kalẹ̀. Ẹni tí tribunal bá dájọ́ ikú fún kò ní kòtẹ́milọ́rùn, ó di ọwọ́ gómìnà ológun. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló ń lọ wòran etí òkun nígbà tí wọ́n bá ń yìnbọn pa wọ́n, ohun tí wọ́n sì ń sọ kò yàtọ̀ sí èyí tí à ń kọ sórí fóònù lónìí. Lábẹ́ ìjọba alágbádá pàápàá, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n pa Nasiru Bello ní 1981 lórí ẹ̀sùn ìdigunjalè nígbà tí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn rẹ̀ ṣì wà níwájú ilé ẹjọ́. Wọn ò tíì gbọ́ ọ. Ní 1986 ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ pé ìjọba ṣe ohun tí òfin kò gbà. Wọ́n dá wọn láre. Ẹni tó ni ẹjọ́ ti wà nínú ilẹ̀ láti ọdún márùn-ún.

Nítorí náà a ò fẹ́ gbọ́ "ẹ jẹ́ kó ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀" mọ́ láìjẹ́ pé ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe dé iye náà. Kí wọ́n yọ gbólóhùn "mi ò ní pe ẹjọ́" kúrò nínú ìwé tí wọ́n ń fún èèyàn fọwọ́ sí kó tó mọ ọdún rẹ̀. Ohun tó bá máa fi ọdún kún ọdún, kí júrì gbọ́ ọ. Ní 2024, nínú ẹjọ́ Erlinger, wọ́n ti gbà bẹ́ẹ̀ nípa ìbéèrè "ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀" tí wọ́n fi mú Wooden, kí wọ́n nà án dé ibi tó kù. Kí ẹni tí wọ́n bá sì ti fi ìṣirò èké rán lọ lè padà wá, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ìgbà tó kọ ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ ló máa pinnu.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 2018, wọ́n fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní First Step Act. Ó ní ọdún 25 yẹn kò gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ẹni tí kò tíì jẹ̀bi irú ẹ̀sùn ìbọn bẹ́ẹ̀ rí kó tó tún ṣe é. Ẹni tí wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, pẹ̀lú ẹ̀sùn mẹ́ta bíi ti Angelos gẹ́lẹ́, ọdún 15 ni òfin fi dandan lé fún un. Ẹni tí wọ́n dá tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ọdún 55. Àwọn aṣòfin náà ló kọ ọ́ sínú òfin ọ̀hún pé kò kan ẹni tí wọ́n ti dájọ́ fún ṣáájú ọjọ́ yẹn. Gbólóhùn kan péré ni. Kí wọ́n pa á rẹ́.